Lẹ́yìn Pípààrọ̀ Pọ́ǹpù Epo: Ìwádìí, Ẹ̀rí àti Èdè ní Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin



1. Ìfáárà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí pọ́ǹpù epo ọkọ̀. N kò wá láti kọ́ mẹkáníìkì ní iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni láti ṣe àlàyé irú ìrònú kan tí mo bá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin, kí n sì fi hàn pé ìrònú náà kan àwa tí a ń ka ìwé tí a sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa kò ṣòro láti sọ. Bí ọkọ̀ bá ń jẹ́ẹ̀kì, tí kò sì fà bí ó bá dé orí òkè, tí wọ́n wá yọ pọ́ǹpù epo rẹ̀, tí wọ́n fi titun sí i, tí àìsàn náà kò sì lọ, kí ni ó kàn?

Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a tún ra pọ́ǹpù mìíràn. Ìdáhùn yìí ni mo wá takò. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Awakọ̀ tí ó ń ná Ìjẹ̀bú-Òde láti Imùṣin kò ní owó pọ́ǹpù méjì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá sì fi wà nílẹ̀, ọjọ́ tí ilé rẹ̀ kò rí owó oúnjẹ ni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí àti ìwádìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yàrá ìkàwé nìkan.

2. Ọ̀nà tí epo ń gbà

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí epo ń gbà. Nínú ọkọ̀ tí irú àwa mọ̀ ní èwe wa, bíi Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá àti Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ara ẹ́ńjìnì níta ni pọ́ǹpù wà. Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ni ó ń ti apá kékeré kan sókè sódò. Apá náà ń fa awọ kan nínú pọ́ǹpù. Awọ náà ni ó sì ń fa epo láti inú táǹkì lọ sínú kàbúrétọ̀. Bí awọ náà bá ya, ojú lè rí i, ọwọ́ sì lè tú u.

Nínú ọkọ̀ tí ó ń fi nọ́sù fọ́n epo, inú táǹkì ni pọ́ǹpù wà, iná bátìrì ni ó sì ń yí i. Ipá tí ti àtijọ́ fi ń ti epo kì í sábà ju 3 sí 6 lọ bí a bá fi òṣùwọ̀n psi wọ̀n ọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onínọ́sù, àárín 40 sí 60 ni. Ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù fún wa ni èyí: ohun tí ojú ń rí tẹ́lẹ̀ ti wọ inú òkùnkùn. Mẹkáníìkì òde òní kò rí pọ́ǹpù. Àmì ni ó ń rí, láti inú àmì ni ó sì ti gbọ́dọ̀ fa òye yọ. Bí ó ti rí fún ẹni tí ó ń ka ewì nìyẹn.

3. Ohun tí ó ń pa pọ́ǹpù

Pọ́ǹpù kì í kú lásán. Epo tí ó yí i ká tí ó sì ń gba inú rẹ̀ kọjá ni ó ń tù ú. Bí epo bá ń lọ sí ìsàlẹ̀ táǹkì nígbà gbogbo, pọ́ǹpù á máa gbóná. Láti ìgbà tí Ààrẹ ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí iye owó lítà kan sì fò láti ìsàlẹ̀ náírà 200 kọjá náírà 480 láàrin ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó ń ra ìwọ̀nba tí yóò gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Táǹkì kì í kún mọ́. Ìyà owó epo wá di ìyà pọ́ǹpù.

Epo búburú ni ohun kejì. Ní oṣù Kejì 2022, àjọ tí ó ń ṣe àkóso epo ní Nàìjíríà kéde pé mẹ́tánọ́ọ̀lù inú bẹntiróòlù kan tí a kó wọlé ju bí òfin ti là á sílẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ NNPC sì sọ pé láti Antwerp ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti kó o wá. Mẹ́tánọ́ọ̀lù a máa fa omi mọ́ra. Ó lè mú kí rọ́bà wú, ó sì lè jẹ irin fífúyẹ́. Ẹni tí ó pààrọ̀ pọ́ǹpù ní àkókò náà, tí kò sì fa epo inú táǹkì dànù, inú májèlé kan náà ni ó gbé pọ́ǹpù titun sí. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

4. Ọ̀nà ìwádìí

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀nà ìwádìí náà lẹ́sẹẹsẹ, bí ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Imùṣin ti tò ó lójú mi lára ọkọ̀ èrò tí wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù rẹ̀ níbòmíràn. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ti sáré sọ pé, “Ọ̀gá, pọ́ǹpù tí wọ́n fi sí i yẹn ni ò dáa.” Ọ̀gá náà kò bínú. Ó ní, “Ta ló sọ fún ọ?” Ọmọ náà dákẹ́. Nígbà náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Èkíní ni etí. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná iwájú awakọ̀ ti ń tàn, wọn kò ṣíná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onínọ́sù, pọ́ǹpù yóò kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 2, yóò sì dákẹ́. Bí kò bá kùn, a kò tíì lè sọ pé ó ti kú; ó lè jẹ́ pé iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èkejì ni iná. A ó wo fíúsì. A ó fi rílè mìíràn tí ó jẹ́ irú kan náà dípò ti pọ́ǹpù. Lẹ́yìn náà ni a ó lọ sí ẹnu wáyà ní ìdí táǹkì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọn a fa wáyà yọ, wọn a fi mítà wọ̀n ọ́n, wọn a rí 12, wọn a ní iná pé. Ṣùgbọ́n wáyà tí ó kù díẹ̀ kí ó já lè fi 12 hàn nígbà tí kò sí ohun tí ó ń fa iná lára rẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, 12 náà yóò wó lulẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ ni a gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, kí a sì wo wáyà tí a so mọ́ irin ara ọkọ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì gbé wáyà méjèèjì fún ara wọn, pọ́ǹpù titun yóò máa yí sẹ́yìn: yóò kùn, ṣùgbọ́n kò ní gbé epo.

Ẹ̀kẹta ni ipá. Wọ́n so géèjì mọ́ ibi tí epo ti ń wọ nọ́sù. Ohun tí géèjì bá sọ pín sí oríṣi mẹ́rin. Bí ipá bá kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó wo fílítà, asẹ́ ìdí pọ́ǹpù, páìpù inú táǹkì, àti ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣe àkóso ipá. A ó sì bèèrè bóyá pọ́ǹpù náà jẹ́ irú tí ọkọ̀ yìí ń lò. Bí ipá bá pé ṣùgbọ́n tí ó jò wálẹ̀ lẹ́yìn tí a pa ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń pẹ́ kí ó tó ṣíná láàárọ̀. Fálífù inú pọ́ǹpù kò di epo mú, tàbí nọ́sù ń kán. Bí ipá bá pé ní ìdúró ṣùgbọ́n tí ó ń rẹlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń béèrè epo púpọ̀, iye epo tí ó ń kọjá ni kò tó; fílítà tí ó ti dí sì wà lára ohun tí a ó kọ́kọ́ fura sí. Bí ipá bá pé nígbà gbogbo, tí ọkọ̀ sì ń jẹ́ẹ̀kì síbẹ̀, kí a fi pọ́ǹpù sílẹ̀, kí a lọ wo páláàgì, kọ́ìlì àti nọ́sù.

Ẹ̀kẹrin ni epo fúnra rẹ̀. A ó bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, a ó gbé e kalẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò wà, ìlà yóò sì là láàrin wọn. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, iná àti sìgá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ tòsí, a sì gbọ́dọ̀ tú ipá epo sílẹ̀ kí a tó tú páìpù.

Ní ti ọkọ̀ tí mo ń sọ, pọ́ǹpù kùn dáadáa, iná rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n géèjì kò dé ìdajì ibi tí ó yẹ. Wọ́n ṣí táǹkì. Páìpù kékeré orí pọ́ǹpù ni wọn kò dè dáadáa. Ọ̀pọ̀ epo tí pọ́ǹpù titun ń tì ń dà padà sínú táǹkì. Páìpù ni wọ́n dè, wọn kò ra pọ́ǹpù.

5. Ẹ̀rí nínú ìwé àti ẹ̀rí nínú ọkọ̀

Àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ mọ ìbéèrè “Ta ló sọ fún ọ?” dáadáa. Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971), Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fún wa ní Lápàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí tí ó ń tọpa ọ̀daràn. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ púpọ̀. Ohun tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń kọ́ òǹkàwé ni pé ẹni tí a bá nítòsí kọ́ ni ó ṣe é dandan. Pọ́ǹpù titun dà bí àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú: bí nǹkan bá sọnù, òun ni ojú kọ́kọ́ ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nítorí pé ó jẹ́ titun. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Kí a má dá a lẹ́bi, kí a má dá a láre, àfi bí géèjì bá ti sọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sọ pé akéwì kan ń bínú, tí kò lè tọ́ka sí ìlà tí ìbínú náà wà, kò yàtọ̀ sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó ní pọ́ǹpù ni.

6. Ọ̀rọ̀ èdè

Àwíyé awakọ̀ ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. “Ọkọ̀ ò dáa” kò sọ nǹkan kan fún mẹkáníìkì. “Ó ń pẹ́ kó tó ṣíná láàárọ̀,” “kò fà lórí òkè,” “ó ń kú bó bá gbóná”: ìtọ́kasí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣùgbọ́n èdè ṣọ́ọ̀bù ní àléébù kan tí ó ń ná àwọn ènìyàn lówó. Wọn a ní “epo ń wá,” wọn a ní “iná wà.” Gbólóhùn méjèèjì da ohun méjì pọ̀: ipá tí a fi ń ti nǹkan, àti iye tí ó ń kọjá. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó rí epo tí ń tú jáde lẹ́nu páìpù á gbà pé ó ti tán. Ẹni tí ó rí 12 lórí mítà náà á gbà bẹ́ẹ̀. Mo dábàá pé kí a máa sọ ipá epo àti iye epo, ipá iná àti iye iná. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni, ẹni tí ó bá sì ní wọn lẹ́nu yóò rántí láti wọn méjèèjì.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní 1970, ní abẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn alájùmọ̀ṣe rẹ̀, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ yẹ àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà, nítorí Yorùbá ni èdè tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́.

7. Ìkádìí

Ohun tí mo ti gbìyànjú láti fi hàn ni pé ìwádìí rere ní ìlànà kan náà, ì báà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, ì báà ṣe ní yàrá ìkàwé: kí a mọ ọ̀nà tí nǹkan ń gbà, kí a yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹsẹ-ẹsẹ, kí a wọ̀n ọ́n nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, kí a sì ní ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ fún ohun tí a bá rí. Mo rọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa pé kí ó rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti gba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ gba ìjálá àti ẹkún ìyàwó sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ náà ń dàgbà. Ìbéèrè wọn àti ìdáhùn wọn kò tíì sí nínú ìwé kankan lórí pẹpẹ wa.