Ẹ Jẹ́ Kí A Mú Àwọn Ọmọ Wa Lọ Wo Omi Olúmirin

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ìgbafẹ́ kì í ṣe ti àgbẹ̀ àti oníṣòwò, àfi ti olówó. Ṣùgbọ́n omi kan ń dà láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríadé, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí tọmọdé tàgbà lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ìdí rẹ̀. Olúmirin ni orúkọ omi náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà sọ pé obìnrin kan, Akínlà, àtọmọdọ́mọ Odùduwà, ni ó kọ́kọ́ rí i nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣí bọ̀ láti Ifẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọdẹ ni.

Ẹni tí ń bọ̀ láti Iléṣà yóò gba títì tí ó lọ sí Àkúrẹ́, yóò sì yà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti san owó ìwọlé, ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi rìn lábẹ́ igi. Kí ẹ tó rí omi ni ẹ ó ti gbọ́ ọ, bí ìgbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀ sórí páànù. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ìrì omi yóò máa fọ́n sí yín lójú, ara yóò sì tù yín pẹ̀sẹ̀.

Ìpele méje ni omi yìí ní. Ní tèmi, ìpele àkọ́kọ́ tó fún ìdílé tí ó ní ọmọ kékeré. Ìgòkè tí ó kù ga púpọ̀, orí òkè lọ́hùn-ún sì ti súnmọ́ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì. Ẹ má tìtorí èyí fi ìyá àgbà sílẹ̀ nílé. Wọ́n lè jókòó nísàlẹ̀, kí wọ́n máa wo ẹrù.

Ohun tí ó mú mi sọ̀rọ̀ gan-an ni ti àwọn ọmọ. Ohun aláwọ̀ ewé kan a máa hù sára àpáta tí omi ń rìn, ó sì ń yọ̀ ju ilá lọ. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ kò yẹ níbẹ̀. Kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan di ọmọ kan mú lọ́wọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi a dínkù. Nígbà òjò a kún, ẹwà rẹ̀ a sì pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ náà a pọ̀. Òjò lè máa rọ̀ lórí òkè nígbà tí oòrùn ń ràn níbi tí ẹ dúró sí. Bí omi bá ṣàdédé pọ́n bí amọ̀, tí ó ń gbé ewé àti igi bọ̀, tí ariwo rẹ̀ sì yí padà, ẹ kó àwọn ọmọ jáde lójú ẹsẹ̀, kí ẹ bọ́ sí ilẹ̀ gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má ṣe padà lọ mú bàtà tàbí abọ́.

Ẹ kó ọ̀rá oúnjẹ yín padà sílé, nítorí odò kan náà ni ó ń ṣàn lọ bá àwọn tí ń gbé nísàlẹ̀. Ẹ sì tètè máa bọ̀ ní ọ̀sán, torí pé ọ̀nà abẹ́ igi a máa ṣókùnkùn kí ilẹ̀ ìta tó ṣú.