Ìrẹsì Ọ̀fàdà àti Ìkòkò Oníná: Ohun Tí Ojú Wa Rí

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọlọ́jà sọ ní ìpàdé wa ní Omifúnfún)

  

Ẹ ó rántí pé ẹgbẹ́ rán àwa mẹ́rin níṣẹ́. Ẹ ní ká dán ìkòkò oníná tí wọ́n ń pè ní prẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù wò, kí a tó fi owó àjọ ra ogún fún àwọn tó ń ta oúnjẹ. A ti dé, a ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìtìjú bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò àkọ́kọ́ jóná mọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọ ọ̀kan nínú wa ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ọ̀rá ìrẹsì dúdú gígùn kan tí wọ́n ń pè ní ìrẹsì igbó lọ́hùn-ún. Inú adágún omi ló ti ń hù ní ìhà Minnesota. Àwọn Ojibwe, tí wọ́n ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, a máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kórè rẹ̀. A da ìrẹsì náà sí ìkòkò, a ki wáyà bọ ara ògiri, ó dún pòó, èéfín sọ. Nígbà tí a yí ìdí ìkòkò sókè la tó rí i pé 120 volt ni wọ́n kọ síbẹ̀. Iná tiwa, 230 sí 240 ni. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: ẹ yí ìdí rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó, pàápàá tó bá jẹ́ pé òkè òkun ló ti wá.

Èkejì tí a rà, iná tiwa ló ń lò, lítà 6 ló sì ń gbà. Òun la fi se Ọ̀fàdà. Ọ̀fàdà àti ìrẹsì igbó yẹn kì í ṣe irú kan náà, àmọ́ ìwà wọn jọra: èèpo inú ṣì wà lára wọn, omi kì í tètè wọ̀ wọ́n. Nínú ìkòkò lásán, omi tó ń hó kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ, bí a tilẹ̀ ki gbogbo igi ayé bọ ìdí rẹ̀. Ìkòkò tó dé pa yìí kò jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà jáde, nítorí náà omi inú rẹ̀ á gbóná kọjá 110. Ohun tó ń mú un rọ̀ nìyẹn.

Bí a ṣe ń sè é rèé. Ẹ ṣa òkúta rẹ̀ dáadáa, torí ìkòkò kò mọ òkúta. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́. Ife ìrẹsì 4, ife omi 5. Ìgbà àkọ́kọ́, omi tí a máa ń dà sí ìkòkò lásán la dà sí i, ló bá di ẹ̀kọ. Omi kì í gbẹ níbẹ̀ bíi ti orí ààrò. Ẹ fi iyọ̀ sí i àti ṣíbí òróró kan kí ó má baà hó ìfófòó jù. Ẹ má jẹ́ kí ìrẹsì àti omi kọjá ìlàjì ìkòkò, kí ìfófòó má baà dí ihò tí ooru ń gbà jáde. Ẹ yí i sí ìṣẹ́jú 20. Tó bá parí, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí i. Ọ̀fàdà kì í ṣe irú kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán an wò. Ti ìrẹsì igbó, ìṣẹ́jú 25 sí 30 ni.

Ẹ gbọ́ èyí o: ìṣẹ́jú 20 yẹn kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìkòkò á kọ́kọ́ gbóná bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ń lọ sí ìṣẹ́jú 45. Ẹni tó bá ní ó yá bí àrá, irọ́ ló ń pa. Èrè ibẹ̀ ni pé ọwọ́ yín á ṣófo. Kò sí éèfín, kò sí rírò, ẹ ó jókòó ti ọjà yín.

Ẹ má fi ìkánjú ṣí i láé. Tí ọ̀pá kékeré orí ìdérí kò bá tíì wọlẹ̀, ooru ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè bó èèyàn lójú. Kódà tí NEPA bá mú iná lọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá yẹn wọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ìrẹsì tó bá sùn mọ́jú nínú ìkòkò tí iná ti kú, ẹ má tà á. Gbígbé e kaná padà kì í pa gbogbo oró inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ìkòkò yìí ń jẹ nǹkan bíi 1,000 watt. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn aránṣọ ń lò kò lè gbé e. Bẹ́ẹ̀ ìlàjì lítà 6 kò lè bọ́ èrò mọ́tò Bìní méjì tó bá dúró ní Ore. Ẹni tó ń ta oúnjẹ fún ogunlọ́gọ̀ èrò, ìkòkò ńlá orí gáàsì ṣì ni tirẹ̀. Ẹni tó ń ta oúnjẹ wẹ́wẹ́ nínú ewé, tí iná sì ń wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ló lè rí èrè níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí àwa mẹ́rin fẹnu kò sí ni pé kí ẹgbẹ́ má ra ogún. Ẹ jẹ́ ká ra méjì, ká fún ẹni méjì tí iná ń wà lọ́dọ̀ wọn, ká wo oṣù mẹ́ta. Owó àjọ kì í ṣe owó ìdánwò. Òógùn ojú gbogbo wa ni.

Ọjà á tà o. A ò ní pàdánù.