Abẹ́rẹ́ Tuntun fún Ọkàn Tó Ń Lù Ségesège: Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Síwèé

Ọ̀rọ̀ àìsàn kan tó ń jẹ́ atrial fibrillation ni mo bá wá. Tó bá ti dé, yàrá òkè nínú ọkàn ò ní fún pọ̀ dáadáa mọ́, á kàn máa gbọ̀n ni. Ẹlòmíì á máa mí hẹlẹhẹlẹ, òyì á máa kọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ tó dúró síbẹ̀ lè dì, kó gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ, ó di rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ẹ má kàn sọ pé "àyà mi ló ń já" kẹ́ ẹ lọ sùn.

Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní vernakalant. Inú iṣan ni wọ́n ń gbà fún èèyàn, díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Nígbà tí wọ́n ń dán an wò, ṣe ni wọ́n pín àwọn aláìsàn bí ẹni ń ṣẹ́ kèké: àwọn kan gba oògùn, àwọn kan gba omi tí ò ní oògùn nínú. Aláìsàn ò mọ èyí tóun gbà, dókítà náà ò mọ̀. Ẹlòmíì á ní ìwà ìkà nìyẹn. Rárá o! Ọkàn mìíì máa ń padà sípò fúnra rẹ̀, tí ò bá sí ẹgbẹ́ kejì, oògùn la máa gbé oríyìn fún.

Nínú ìdánwò ACT I, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2008, láàárín àwọn tí àìsàn náà ò tíì ju ọjọ́ 7 lọ lára wọn, bíi 52 nínú 100 tó gba oògùn ni ọkàn wọn padà sípò láàárín wákàtí kan ààbọ̀. Àwọn tó gba omi? 4 péré nínú 100.

Ṣé ó wá tán síbẹ̀? Kò tán. Lọ́dún 2010, ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i. Lọ́dún yẹn kan náà, nínú ìdánwò mìíì, ACT V, ọkàn ẹnì kan ṣoṣo tó gba oògùn náà ò lè tu ẹ̀jẹ̀ mọ́, BP rẹ̀ já wálẹ̀. Wọ́n dá ìdánwò náà dúró. Nígbà tó di December 2019, àwọn tó ń gba FDA Amẹ́ríkà nímọ̀ràn dìbò: 11 kọ̀ ọ́, 2 gbà á. Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Iná mànàmáná tí wọ́n fi ń tún ọkàn ṣe ti wà tẹ́lẹ̀.

Tí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú ìyá yín ní ọsibítù, ẹ bi wọ́n pé ìtọ́jú wo ló wà tẹ́lẹ̀, ta ló máa dúró tì í, irú aláìsàn wo ni oògùn náà ò yẹ fún. Vernakalant ò yẹ fún ẹni tí BP rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí màmá ń lò, àgbo náà wà níbẹ̀, ẹ má tijú. Nílé níbí, ẹ béèrè bóyá NAFDAC mọ̀ sí ìdánwò náà. Tí ọkàn yín ò bá gbà á, ẹ ní rárá. Ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo èèyàn ṣì tọ́ sí màmá.