Wait and Get: Fótò Tí Kò Ní Ìkejì

Ọ̀rọ̀ "wait and get" la mú wá lónìí. Ẹ bi àwọn òbí yín ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Kí fóònù tó ní kámẹ́rà, sùúrù lèèyàn fi ń ya fótò. Fótògíráfà á kọ́kọ́ ya fíìmù tán, á gbé e wọ yàrá òkùnkùn, ọjọ́ á sì gorí ọjọ́ kẹ́ ẹ tó rí ojú ara yín. Bẹ́ ẹ bá dijú, ìgbà yẹn lẹ máa tó mọ̀.

Edwin Land, ará Amẹ́ríkà, ló wá nǹkan ṣe sí i. Ní 1943, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, bi í pé kí ló dé tí òun ò lè rí fótò òun lójú ẹsẹ̀. Ní 1948, kámẹ́rà Polaroid dé ọjà ní Boston. Inú bébà fíìmù ni oògùn tó ń fọ̀ ọ́ wà. Bí wọ́n bá fà á jáde, rólà méjì á tẹ oògùn náà ká. Ó tó ìṣẹ́jú kan, wọ́n á ṣí i: ojú yín rèé!

Ẹ wo ẹni tí fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń béèrè pásípọ́ọ̀tù, tí ọjọ́ sì ti fẹ́ pé. Kámẹ́rà olójú mẹ́rin á ya mẹ́rin fún un lẹ́ẹ̀kan náà.

Àmọ́ fíìmù àtijọ́ ní nẹ́gétífù, wọ́n lè tún un tẹ̀ nígbàkigbà. Ní 1978, Stephen Sprague kọ ọ́ nípa Ìlá Ọ̀ràngún pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, fótògíráfà lè tẹ nẹ́gétífù èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí ìbejì lè jókòó pọ̀. Wait and get kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣí kúrò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sábà máa ń jù ú nù ni. Ẹyọ kan tó wà lọ́wọ́ yín, òun nìkan ló wà láyé. Ìdí tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ sínú Bíbélì àti àpótí aṣọ nìyẹn.

Oòrùn sì ń pa àwọ̀ rẹ̀. Polaroid kéde ní 2008 pé àwọn ò ní ṣe fíìmù náà mọ́. Instax tẹ́ ẹ ń rí níbi ìgbéyàwó báyìí, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Òun náà ò ní nẹ́gétífù.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá délé fún ọdún Olósùnta, ẹ ní kí màmá àgbà gbé álíbọ́ọ̀mù wọn jáde. Ẹ gbé fótò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí oòrùn ò ti pa á, kẹ́ ẹ fi fóònù yà á. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fà á, ẹ yà á bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé ta nìyí, níbo nìyí, kẹ́ ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹni tó ṣì mọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lè má ju màmá nìkan lọ mọ́.