Obìnrin Tó Fi Bátì Jẹun
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́, ní Ìsàlẹ̀ Èkó)

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá, kí n má sì pẹ́ torí ìrẹsì ti dé. Mo ti gbọ́. Ẹni tó bá ń ta aṣọ ní Ọjà Balógun ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kí oníbàárà tó kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Tí ọmọbìnrin yín bá ní tẹ́níìsì orí tábìlì lòun fẹ́ fi ṣiṣẹ́ jẹun, kí lẹ máa sọ? Púpọ̀ nínú wa máa ní, "Lọ gbé ìwé ẹ!" Ìyá kan tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ kọjú síra sọ bẹ́ẹ̀ létí mi. Ọmọ ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ń na àwọn ọmọkùnrin àdúgbò lórí tábìlì tí wọ́n fi pátákó kàn. Ìyá gba bátì lọ́wọ́ ọmọ, ó tì í mọ́ inú àpótí léèsì. Mi ò bá a jà, ọmọ ẹ̀ ni. Àmọ́ mo jókòó tì í, mo sì sọ ìtàn Olúfúnkẹ́ Oshonaike fún un.

Èkó níbí ni wọ́n bí Fúnkẹ́ sí, ní 1975. Ṣómólú ló ti dàgbà, níbi tí tábìlì tẹ́níìsì ti pọ̀ ládùúgbò bí ilé ìtẹ̀wé. Ní 1996, ó bá Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ní Atlanta. Ó lọ Sydney ní 2000, Athens ní 2004, Beijing ní 2008, London ní 2012, Rio ní 2016. Ó tún lọ Tokyo, èyí tí wọ́n ń pè ní 2020 tí wọn ò rí i ṣe títí di 2021 nítorí àrùn kòrónà. Ẹ kà á, méje ni! Òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó lọ tó bẹ́ẹ̀. Ní Rio, òun ló gbé àsíá Nàìjíríà ṣíwájú gbogbo ikọ̀ wa.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù kì í ṣe iye ìlú tó dé. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń yí eré náà padà mọ́ ọn lọ́wọ́ ni? Nígbà Atlanta, 21 ni wọ́n ń kà kí géèmù kan tó parí. Lẹ́yìn Sydney, wọ́n sọ bọ́ọ̀lù di ńlá, láti mìlímítà 38 sí 40, kó má baà yára jù lójú àwọn tó ń wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n. Ní 2001, wọ́n gé 21 sí 11, ẹni tó sì ń sáfù lẹ́ẹ̀marùn-ún wá ń sáfù lẹ́ẹ̀mejì péré. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fara bo bọ́ọ̀lù mọ́ tó bá ń sáfù. Ní 2008, wọ́n fòfin de gọ́ọ̀mù olóòórùn líle tí wọ́n fi ń lẹ rọ́bà mọ́ bátì, nígbà tó sì di 2014, bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ di oníke. Ẹ̀yin oníṣòwò ẹgbẹ́ mi, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ̀pá tí a fi ń wọn aṣọ ní gbogbo ọdún mẹ́ta, tí ẹ tún gbọ́dọ̀ máa jèrè lórí ẹ̀. Ó kọ́ ọwọ́ rẹ̀ lákọ̀tun, ó tún ń kọ́ ọ. Ó bímọ, ó sì padà sídìí tábìlì.

Nígbà tí mo sọ ọ́ débẹ̀, ìyá náà wò mí. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ta ló ń bọ́ ọ?" Ìbéèrè ọlọ́jà nìyẹn, mo sì fẹ́ràn ẹ̀. Kì í ṣe Òlíńpíìkì ló ń bọ́ ọ. Ó lọ gbá fún kíláàbù ní Ítálì, lẹ́yìn náà ní Jámánì, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Hamburg. Ní Jámánì, tẹ́níìsì orí tábìlì ní lígì bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, láti òkè títí dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ ni, ó ní ọjọ́ owó. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Bọ́sẹ̀ Kaffo, tí wọ́n jọ máa ń gbá oníméjì, lọ Òlíńpíìkì márùn-ún, láti Barcelona ní 1992 títí dé Beijing.

Ẹnì kan lẹ́yìn yẹn ń béèrè mẹ́dàlì Òlíńpíìkì. Kò gbà á, ká sọ òótọ́. Láti 1988 tí eré yìí ti wọ Òlíńpíìkì, obìnrin Ṣáínà nìkan ló ń gba wúrà ẹlẹ́nìkan, títí kan Paris ní 2024. Àmọ́ ní ìdíje gbogbo Áfíríkà, Fúnkẹ́ gba wúrà.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé hù. Ẹnì kan ní láti gbé tábìlì kalẹ̀. Olóyè Molade Okoya-Thomas, Aṣojú Ọba Èkó, bẹ̀rẹ̀ ìdíje ife-ẹ̀yẹ Aṣojú Ọba ní 1968, ó sì ń fi owó ara rẹ̀ ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní 2015. Orúkọ rẹ̀ ni gbọ̀ngàn eré tó wà ní pápá Teslim Balogun ní Sùúrùlérè ń jẹ́. (Balógun yẹn, agbábọ́ọ̀lù ni o, kì í ṣe ti ọjà wa.)

Ibi tí mò ń lọ rèé. Tábìlì kan ṣoṣo ló wà nílé-ìwé wa báyìí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti ṣẹ́, bíríkì ni wọ́n fi gbé e dúró. Mo lọ wò ó lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn ọmọkùnrin ló yí i ká, àwọn ọmọbìnrin ń bá wọn ṣa bọ́ọ̀lù nílẹ̀. Ẹgbẹ́ fẹ́ fi owó ọdún yìí kun géètì. Ẹ̀yin àgbà, géètì ò burú, ó lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ò ní dúró ní mẹ́tàlá dè wá. Ẹ jẹ́ ká ra tábìlì méjì. Mítà 2.74 ni gígùn ọ̀kan, 1.525 ni fífẹ̀ ẹ̀, gbọ̀ngàn àtijọ́ sì gbà á dáadáa. Kí ọjọ́ Tuesday àti Thursday jẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin nìkan, kí a sì wá ẹni tó mọ eré náà, ká máa san nǹkan fún un lóṣooṣù.

Lẹ́yìn oúnjẹ la máa dìbò lórí owó yìí. Tèmi ti wà nínú àpòòwé. Akápò, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá jókòó nítòsí mi.