Ṣé Àwọn Onídàájọ́ Ń Gbọ́ Ara Wọn?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba lórí iye ènìyàn tó ń dá ẹjọ́ àti òfin tí wọ́n fi ń fẹnu kò, fún àwọn ará Fìdítì, Ìlọrà àti gbogbo ìlú Afijió

  

Ìbéèrè méjì ni mo gbé wá. Ènìyàn mélòó ló yẹ kó jókòó dá ẹjọ́ ọmọnìkejì wọn? Mélòó nínú wọn ló sì gbọ́dọ̀ gbà kí ìdájọ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn amòfin nìkan. Láti Fìdítì dé Ìlọrà, láti Awẹ́ dé Akínmọ́rìn àti Jóbẹ̀lẹ̀, ìgbà gbogbo ni ìgbìmọ̀ ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn: mọ̀lẹ́bí lórí ogún, baálẹ̀ lórí ààlà oko ọ̀pẹ̀yìnbó, ẹgbẹ́ lórí owó tó sọnù, ààfin lórí oyè, kóòtù ìbílẹ̀ lórí ọkọ àti ìyàwó tó fẹ́ kọ ara wọn.

Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òwe náà kọ́ wa pé kí a gbọ́ tẹnu ẹlẹ́jọ́ méjèèjì. Ohun tí mo wá sọ bẹ̀rẹ̀ níbi tí òwe náà parí sí: lẹ́yìn tí a ti gbọ́ ẹlẹ́jọ́ méjèèjì tán, ṣé àwa tí a jókòó dájọ́ ń gbọ́ ara wa? Ìwádìí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣe fi hàn pé iye ènìyàn tó jókòó àti òfin ìfẹnukò wọn ló sábà máa ń pinnu bóyá ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ yóò rí etí gbọ́ ọ.

Ibi tí júrì wà

Orí ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní júrì ni ìwádìí yìí pọ̀ sí jù lọ. Júrì ni àwọn ará ìlú tí ìjọba ṣà jọ láti gbọ́ ẹ̀rí ní kóòtù. Adájọ́ ń la òfin yé wọn. Àwọn ló ń wọ yàrá lọ jíròrò, tí wọ́n á sì jáde wá sọ bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lo júrì ní Èkó, ṣùgbọ́n ètò náà kò tàn dé àwọn ìlú bíi tiwa, wọ́n sì ti pa á rẹ́. Kò sí júrì ní Nàìjíríà mọ́.

Síbẹ̀, kò jìnnà sí wa. Ní Gánà, ènìyàn 7 ló ń jókòó nínú júrì, òfin ìpilẹ̀ wọn ti ọdún 1992 sì sọ pé tí ẹ̀sùn bá la ikú lọ, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń jókòó nínú júrì ibẹ̀. Nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Ìlú Ọba lọ́nà ẹ̀tọ́ lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Tó bá sì ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 5 ó kéré tán lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 13, wọ́n lè pè é wá dájọ́. Ọmọ Ìlọrà lè wà láàárín àwọn 12 tí òmìnira òyìnbó kan wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ iye

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Ká ní nínú ènìyàn mẹ́wàá mẹ́wàá ní ìlú kan, ẹnìkan jẹ́ àlejò tó wá ṣàgbẹ̀. Bí a bá fa ènìyàn 12 yọ láìwojú, bí ìgbà 72 nínú 100 ni àlejò kan, ó kéré tán, yóò bọ́ sáàárín wọn. Bí ó bá jẹ́ 6 la fà yọ, ó di ìgbà 47. Bí ó bá jẹ́ 3, ó di ìgbà 27 péré. Kò sẹ́ni tó gbìmọ̀ pọ̀ láti yọ àlejò sílẹ̀; kíkéré ìgbìmọ̀ náà ló yọ ọ́. Ohun tí àlejò nìkan mọ̀ nípa ẹjọ́ náà kò ní dé yàrá ìjíròrò rárá.

Ní ọdún 1970, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Williams ta ko ìpínlẹ̀ Florida. Florida ti dín júrì kù láti 12 sí 6, ilé-ẹjọ́ náà sì ní kò burú, nítorí pé lójú tiwọn, ẹnìkan tó ta ko ènìyàn márùn-ún kò yàtọ̀ sí ènìyàn méjì tó ta ko mẹ́wàá. Nínú ìṣirò, wọ́n dọ́gba. Nínú ìwà ọmọ ènìyàn, wọn kò dọ́gba.

Ọ̀mọ̀wé kan, Solomon Asch, ti fi èyí hàn láti àwọn ọdún 1950. Ó kó àwùjọ kéékèèké jọ, ó fi àwọn ìlà tí wọ́n fà sórí páálí hàn wọ́n, ó sì ní kí wọ́n sọ èyí tó bá ìlà kan dọ́gba ní gígùn. Gbogbo àwùjọ náà àfi ẹnìkan ló ti bá sọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n jọ sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Ẹni kan tó kù rí òótọ́ kedere, síbẹ̀, ní bí ìgbà kan nínú mẹ́ta, ó bá wọn gbè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí Asch fi ẹyọ ẹnìkan tó ń sọ òótọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, àṣìṣe náà já wálẹ̀ sí bí ìdámẹ́rin ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnìkejì kan ṣoṣo ló fún un láyà. Nínú júrì 12, ẹni tó ṣiyèméjì sábà máa ń rí ẹnìkejì. Nínú júrì 6, ó ṣeé ṣe kó dá wà.

Nígbà tí ìpínlẹ̀ Georgia tún fẹ́ lo ènìyàn 5, ilé-ẹjọ́ kan náà kọ̀ ní ọdún 1978 nínú ẹjọ́ Ballew. Adájọ́ Harry Blackmun ka iṣẹ́ àwọn olùwádìí sínú ìdájọ́ rẹ̀: bí ìgbìmọ̀ bá ti kéré jù, ìrántí ẹ̀rí ń dín, àṣìṣe ń pọ̀, ohùn àwọn tó kéré níye láwùjọ sì ń pòórá.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé pípọ̀ nìkan ló ń mú ọgbọ́n wá. Ní ọdún 1785, ọ̀mọ̀wé ọmọ Faransé kan, Condorcet, ṣe ìṣirò tó yẹ kí gbogbo ìgbìmọ̀ mọ̀. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn onídàájọ́ lè dá ẹjọ́ re ní ìgbà 60 nínú 100. Bí wọ́n bá jẹ́ 3 tí wọ́n sì tẹ̀ lé ohùn tó pọ̀ jù, yóò di ìgbà 65. Bí wọ́n bá jẹ́ 7, yóò di 71. Àmọ́ kókó kan wà níbẹ̀: oníkálukú gbọ́dọ̀ fi orí ara rẹ̀ rò ó. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá jẹ́ alágbára, tó sọ̀rọ̀ tán, tí àwọn 6 yòókù ní “bẹ́ẹ̀ gan-an ni, bàbá”, orí kan ṣoṣo ló dá ẹjọ́ náà, ìjókòó 7 ni wọ́n kàn gbà.

Ọ̀rọ̀ ìfẹnukò

Ọ̀dọ̀ òfin ìfẹnukò ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ní ọdún 1983, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Reid Hastie, Steven Penrod àti Nancy Pennington, tẹ ìwé kan jáde, Inside the Jury. Wọ́n gba àwọn ará ìlú tí kóòtù ti pè fún iṣẹ́ júrì ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n pín wọn sí ìgbìmọ̀ 69, ènìyàn 12 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi fíìmù ẹjọ́ ìpànìyàn kan náà han gbogbo wọn. Wọ́n ní kí àwọn kan má parí àfi tí gbogbo 12 bá fẹnu kò. Wọ́n ní kí àwọn kan parí tí 10 bá gbà, àwọn mìíràn tí 8 bá gbà.

Fíìmù kan náà ni, ẹ̀rí kan náà, ṣùgbọ́n ìjíròrò yàtọ̀. Àwọn tó gbọ́dọ̀ fẹnu kò pẹ́ lórí ìjókòó, wọ́n tú ẹ̀rí wò fínnífínní, wọ́n sì bi adájọ́ léèrè òfin tó rú wọn lójú. Àwọn tí 8 ti tó fún sáré dìbò, lẹ́yìn náà kálukú gbèjà apá tó wà. Àwọn tó kéré níye kò sọ̀rọ̀ tó bó ṣe yẹ, nígbà tí iye sì pé, ìjíròrò kú. Àwọn tó fẹnu kò ló tún jáde pẹ̀lú ìgbàgbọ́ tó jinlẹ̀ nínú ìdájọ́ wọn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí mo bá nílò ohùn rẹ kí n tó lè lọ sílé, màá tẹ́tí sí ọ. Bí mi ò bá nílò rẹ̀, sùúrù tí mo ní ni ìwọ yóò máa gbé ara lé.

Àwọn kan ti mọ èyí kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó wádìí rẹ̀, wọ́n sì fi ṣe ibi. Ní ọdún 1898, ìpínlẹ̀ Louisiana ṣe àpérò láti kọ òfin ìpilẹ̀ tuntun, ète wọn gbangba sì ni kí agbára wà lọ́wọ́ aláwọ̀ funfun. Òfin àpapọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lé aláwọ̀ dúdú kúrò nínú júrì. Wọ́n wá wá ọgbọ́n mìíràn: ohùn 9 nínú 12 ti tó láti dá ẹni lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú kan tàbí méjì jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Kò sẹ́ni tó nílò ohùn wọn. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di 10, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ náà fi yí i padà ní ọdún 2018.

Lábẹ́ òfin yẹn ni wọ́n dá Evangelisto Ramos lẹ́bi ìpànìyàn ní ọdún 2016, ohùn 10 sí 2, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n gbére. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní kò tọ́, gbogbo 12 gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ẹ̀sùn ńlá. Wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ ní ọdún 2023, júrì tuntun sì fẹnu kò pé kò jẹ̀bi. Ẹ rántí àwọn méjì àkọ́kọ́ tí òfin gbà kí wọ́n gbójú fò.

Ìfẹnukò náà ní àléébù tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹnìkan tó lágídí lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró, kí ẹjọ́ di àtúnbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí Ìlú Ọba fi yí òfin wọn padà ní ọdún 1967 pé ohùn 10 nínú 12 lè tó, ṣùgbọ́n àfi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jíròrò fún wákàtí méjì ó kéré tán. Wọ́n mọ̀ pé bí ìbò bá kọ́kọ́ dé, ọ̀rọ̀ tán. Ìfẹnukò tí wọ́n fi ipá mú wá burú ju kí wọ́n má fẹnu kò lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1670, wọ́n ti júrì 12 mọ́lé láìsí oúnjẹ, láìsí omi, nítorí pé wọn kò gbà láti dá àwọn olùjẹ́jọ́ méjì, William Penn àti William Mead, lẹ́bi. Ẹnìkan nínú wọn, Edward Bushell, gba ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́ gíga, wọ́n sì dájọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ júrì nítorí ìdájọ́ rẹ̀.

Àwa náà ńkọ́?

A máa ń fi ìfẹnukò yangàn pé àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: nígbà tí àgbà bá ní “ó ti yé gbogbo wa, àbí?”, tí ilé dákẹ́, ṣé ìfẹnukò ni, àbí ìbẹ̀rù? Ẹnu tó dákẹ́ kò tíì gbà.

Ẹ tún wo Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1979, adájọ́ 7 dá ẹjọ́ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lórí ìbò tó gbé Alhaji Shehu Shagari wọlé, lórí ohun tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 jẹ́. Adájọ́ mẹ́fà dá ẹjọ́ náà nù. Adájọ́ Káyọ̀dé Eso nìkan ló yà sọ́tọ̀. Ohùn àwọn tó pọ̀ ló borí, bí òfin ṣe wí. Ṣùgbọ́n Eso kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin sì ń kà á títí dòní. Ní ìgbìmọ̀ wa, ta ló ń kọ ohùn ẹni tó yà sọ́tọ̀ sílẹ̀?

Nítorí náà, mo dábàá nǹkan márùn-ún fún gbogbo ìgbìmọ̀ ní Afijió, láti ilé dé ààfin.

Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má béèrè pé “apá wo lo wà?” kí a tó tú ẹ̀rí wò tán. Èkejì, kí ẹni tó lágbára jù sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ọba tó gbọ́ tẹnu ìjòyè rẹ̀ tán kó tó sọ tirẹ̀ ti ṣe ohun tí Condorcet fi ìṣirò wá. Ẹ̀kẹta, bí a bá fẹ́ ohùn obìnrin, ọ̀dọ́ tàbí àlejò nínú ìgbìmọ̀, kí a má yan ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni méjì ni kó kéré jù, kí ẹnìkan lè fún èkejì láyà. Ẹ̀kẹrin, kí òfin bá ìwọ̀n ọ̀rọ̀ mu. Ọjọ́ ìpàdé tàbí owó ìdá, ohùn tó pọ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò lè tún ṣe mọ́, bí ilẹ̀ tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹbí tàbí ènìyàn tí a fẹ́ lé kúrò nílùú, kí gbogbo wa fẹnu kò, tàbí kí a sún un síwájú. Ẹ̀karùn-ún, kí akọ̀wé kọ èrò ẹni tó ta kò sínú ìwé ìpàdé, kó kà á sókè, kí onítọ̀hún sì jẹ́rìí pé ohun tí òun sọ nìyẹn.

Kò sí èyí tó ná wa lówó nínú márùn-ún yìí. Kò sí èyí tó nílò òfin láti Ìbàdàn tàbí Àbújá. Sùúrù ló ń náni, ìtìjú ló sì ń ná alágbára díẹ̀, kó tó mọ́ ọn lára láti gbọ́ àtakò láìbínú. Mo bẹ ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ àti akọ̀wé ààfin tó wà níhìn-ín: ní ìpàdé tó ń bọ̀ yìí, kí àwọn alága gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó kéré jù kọ́kọ́, kí ẹ̀yin sì kọ ohun tó sọ sílẹ̀. Bí ìdájọ́ bá yí padà nítorí rẹ̀, ẹ ti gba ẹnìkan là. Bí kò bá yí padà, ẹ̀yin tí ẹ dá a yóò mọ ìdí tí ẹ fi dá a bẹ́ẹ̀, ẹ óò sì lè wí i níwájú ẹnikẹ́ni.