Èébú Àwọ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ẹ Jẹ́ Kí Òfin Mú Onílé Náà

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú ẹ̀ka London sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wa)

  Ẹ̀ka wa ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ nílùú òyìnbó.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2021, England àti Ítálì gbá àṣekágbá ife ilẹ̀ Yúróòpù ní Wembley. Wọ́n lọ gbá pẹ́náritì. Marcus Rashford, Jadon Sancho àti Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí kò ju ọdún 19 lọ nígbà náà, kò gbá tiwọn wọlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwòrán ọ̀bọ àti èébú ti kún àkáǹtì wọn.

Ṣé òfin mú ẹnikẹ́ni? Ó mú wọn. Kí ọdún náà tó parí, ilé ẹjọ́ ti ju ọkùnrin kan sẹ́wọ̀n ọ̀sẹ̀ 10 nítorí ohun tó sọ lórí Facebook. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: nínú ọ̀rọ̀ 207 tí ọlọ́pàá kà sí ọ̀ràn, àkáǹtì 34 péré ló jẹ́ ti Ìlú Ọba; 123 wà lókè òkun. Ọlọ́pàá London kò lè máa lé èèyàn kárí ayé.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì ló ń gba epo yìí, tó sì ń fi í pawó. Ìdí nìyẹn tí Ìlú Ọba fi ṣe Online Safety Act ní ọdún 2023. Láti oṣù kẹta ọdún 2025, ó di dandan kí ilé iṣẹ́ dènà èébú tó lòdì sófin, kí wọ́n sì yọ ọ́ kíá tí wọ́n bá ti mọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, àjọ Ofcom lè bu owó ìtanràn lé wọn: mílíọ̀nù 18 pọ́n-ùn, tàbí ìdá 10 nínú 100 owó tó ń wọlé fún wọn kárí ayé, èyí tó bá pọ̀ jù.

Síbẹ̀, ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n tún bú Jess Carter, agbábọ́ọ̀lù obìnrin England. Òfin wà nílẹ̀. Ká lò ó ló kù.

Ẹnìkan á ní ṣé ìjọba ò ní fi irú òfin yìí pa wá lẹ́nu mọ́? Ìbéèrè gidi ni. Nàìjíríà ti Twitter pa láti oṣù kẹfà ọdún 2021 di oṣù kìíní ọdún 2022, a ò tíì gbàgbé. Nítorí náà, kí òfin dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ ní pàtó, kí ẹni tí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ráyè pe ẹjọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sọ fún ọmọ pé, “Gbàgbé ẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni.” Ẹ ní kó ya àwòrán èébú náà pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ, kó fi sùn ilé iṣẹ́ náà, kó sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹjọ́ tí kò lẹ́rìí, adájọ́ kan ò lè dá a.